Ẹyẹ Tí Ọdẹ́jìnmí Fi Pamọ́ fún Amọ̀wọ̀n

"Ẹ̀yin tí ẹ rí àga, àti ẹ̀yin tí gbòǹgbò ọ̀dán di àga fún, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ohùn arúgbó kì í rin ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ ni yóò lọ pàdé rẹ̀."

Báyìí ni Ọdẹ́jìnmí ọdẹ ṣe la ẹnu ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan, níwájú ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Amíhẹlẹ. Ìsìn ti parí, oúnjẹ ọ̀sán ti wọ inú, kò sì sí ẹni tí ń kánjú. Láìsì mẹkáníìkì, ẹni tí ọṣẹ kò rí ti epo dúdú abẹ́ èékánná rẹ̀ ṣe, jókòó níwájú pátápátá. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bàbá yóò kọ́kọ́ fi irọ́ díẹ̀ nu ọ̀nà kí òtítọ́ tó kọjá.

Ọdẹ́jìnmí kì í ṣe ọdẹ kékeré, ṣùgbọ́n ìtàn ẹfọ̀n kọ́ ni ó fẹ́ sọ ní ọjọ́ náà. Ìtàn ọkọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀, Ìbídùnní, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, ni ó ra ọkọ̀ náà, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Ọ̀nà pẹ̀tẹ́lẹ̀ ẹ̀bá odò ni Ìbídùnní máa ń gbà. Kò wà á gun Òkè Amíhẹlẹ rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ọdẹ́jìnmí gbé e sínú ọkọ̀, ó sì gba orí òkè lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ yá ju ti odò lọ. Ní agbedeméjì òkè ni ẹ́ńjìnnì kú. Kí àwọn ènìyàn tó fi ọwọ́ ti ọkọ̀ náà dé òkè, Ìbídùnní ti lọ. Láti ìgbà náà ni Ọdẹ́jìnmí ti ti ọkọ̀ náà mọ́ abẹ́ àtíbàbà, ó fi ẹní bò ó, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá ibẹ̀.

Àrínọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ni ó mú kí ó ṣí ẹní náà. Àrínọlá lóyún, oyún náà sì ti gbó. Agbẹ̀bí fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọmọ yìí dábùú," ni agbẹ̀bí wí. "Bí ìrọbí bá bá a níbí, ìyá àti ọmọ ni a ó pàdánù. Bàbá, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn òkè kí oṣù yìí tó kú."

Òjò ọdún náà sì ti gbé afárá odò lọ. Alùpùpù kò ṣeé gbé irú aboyún bẹ́ẹ̀ gun àpáta, ọkọ̀ mìíràn kò sì sí ní ìlú. Òkè nìkan ni ó kù, àti ọkọ̀ olóògbé.

Láìsì wá, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó pààrọ̀ ohun tó yẹ ní pípààrọ̀, ó tan án. Ẹ́ńjìnnì ń kùn bí oyin.

"Bàbá, ara rẹ̀ le. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀."

"Ara rẹ̀ le ní ìsàlẹ̀ níbí. Ara rẹ̀ le ní ọjọ́ yẹn náà."

Láìsì họ orí. Ó tú àpótí irin pẹlẹbẹ kan jáde lábẹ́ ibi ìwakọ̀, ó gbé e lé bàbá lọ́wọ́. "Ọpọlọ ọkọ̀ nìyí. Òun ló ń sọ iye epo tí ẹ́ńjìnnì yóò mu fún un, àti ìgbà tí iná yóò ṣẹ́. Àwọn tó kọ àṣẹ sínú rẹ̀ kò rí òkè wa rí. Gbogbo ìrìn tí ọkọ̀ yìí ti rìn ló sì wà níbẹ̀, kò gbàgbé ọ̀kan. Ẹni tó lè kà á, kí ó sì tún àṣẹ náà kọ, kò sí ní agbègbè wa. Wọ́n ní irú wọn wà nínú Igbó Irinńsọ̀rọ̀. Èmi ò lọ síbẹ̀ o. Ìyàwó mi ṣì fẹ́ràn mi."

Ọdẹ́jìnmí gbé ọpọlọ ọkọ̀ sínú àpò ọdẹ rẹ̀, ó kọ́ ìbọn lé èjìká, ó sì wọ igbó lọ.

Nígbà tí ó sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀, ó wo àwọn tó yí i ká. "Ẹ má fi eegun tó ń dún yìí wò mí o. Ní ayé ìgbà náà, bí mo bá wúkọ́ nínú igbó, ẹkùn á bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹran tí kò tíì pa!"

"Bàbá," ni Láìsì dá a lóhùn, "ẹ wúkọ́ lánàá, adìẹ mi kò tilẹ̀ gbé orí sókè."

"Adìẹ rẹ ò ní làákàyè, bí olówó rẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Ọdẹ́jìnmí jẹ́ kí ó rọlẹ̀, ó sì tẹ̀síwájú.

Igbó Irinńsọ̀rọ̀ kì í dákẹ́. Òkú ọkọ̀ ni ó kún inú rẹ̀ bí egungun àjànàkú, ìtàkùn gba ojú fèrèsé wọn wọlé, ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ìrìn ìkẹyìn tí ó rìn. Ọ̀kan ń sọ pé, "A ti fẹ́ dé, a ti fẹ́ dé." Ọdẹ́jìnmí yára kọjá lára ìyẹn.

Kò tíì rìn jìnnà tí iwin kan fi dìde níwájú rẹ̀, tí ó dúdú láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí iná ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Èmi ni Èéfín-Kò-Sùn!" ni iwin náà ké. "Ọmọ epo àpọ̀jù! Mo jáde lẹ́nu irin, mo ba aṣọ funfun oníyàwó jẹ́! Ìwọ ènìyàn ẹlẹ́ran, ta ló rán ọ wá?"

"Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, a-pa-má-tàsé! Ọmọ bíbí inú mi ló rán mi. Yà lọ́nà!"

Iwin náà kò yà. Ó rọ́ wọ ihò imú ọdẹ, ó kún àyà rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ṣubú lulẹ̀, ojú rẹ̀ yọ síta. Ohùn iwin náà ń ti inú àyà rẹ̀ wá pé, "Ọmọ kan ń gbé inú ilé irin. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá kéré, ebi á pa á kú. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá pọ̀, á rì sínú oúnjẹ kú. Kò sì lè jẹun láìmí. Dárúkọ rẹ̀, tàbí kí n máa gbé ibí títí láé."

Ọdẹ́jìnmí kò mọ ìwé ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ó wá sí i lọ́kàn ni Ìbídùnní ní ìdí àdògán, tí ó ń fa igi tí òun, ọkọ rẹ̀, kì bọ inú iná jáde. "Bàbá Àrínọlá, igi yìí ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí iná mí." Báyìí ni ó máa ń wí.

"Iná ni!" ni Ọdẹ́jìnmí fi èémí tó kù sọ. "Iná inú ẹ́ńjìnnì! Epo ni oúnjẹ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni èémí rẹ̀!"

Ó sín, iwin náà sì fò jáde, ó di ìkùukùu kékeré, ó ń bínú lọ. Agbára kọ́ ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí jókòó sórí ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń ronú pé ọ̀pọ̀ ohun ni ó gbọ́ lẹ́nu obìnrin náà tí ó rò pé ọ̀rọ̀ ìdáná lásán ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó wọ Ìlú Ìwọ̀n-Kan. Àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, wọ́n sì ń tiro, gbogbo wọn, láti orí ọba dé orí ẹni tí ń pọnmi. Ọba fúnra rẹ̀ tiro wá pàdé rẹ̀, ó gbé bàtà kan fún un.

"Kú àbọ̀, ọdẹ. Bọ́ tìrẹ, kí o wọ tiwa."

"Kábíyèsí, ẹsẹ̀ mi tóbi ju èyí lọ."

"A mọ̀. Ẹsẹ̀ gbogbo ará ìlú ni a wọ̀n, ti akọni àti ti ìkókó, a rò ó pọ̀, a pín in dọ́gba, a sì rí ìwọ̀n àárín. Òun ni a rán. Kò bá ẹnikẹ́ni mu, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò ní àléébù."

Lóòótọ́, Ọdẹ́jìnmí rí ìkókó kan tí ó sùn sínú ọ̀kan nínú àwọn bàtà náà bí ẹni sùn sínú ọkọ̀ ojú omi. Ó rí jagunjagun kan tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ.

"Mo gbọ́ pé o gbé ọpọlọ ọkọ̀ lọ́wọ́," ni ọba wí. "Gbé e wá. Ìwọ̀n epo kan náà ni a ó kọ sínú rẹ̀, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ní òkè, ní ọ̀gbẹlẹ̀ àti ní òjò. Ọkàn rẹ yóò balẹ̀."

Ọdẹ́jìnmí di àpò rẹ̀ mú, ó sá. Wọ́n lé e, ṣùgbọ́n bàtà kò jẹ́ kí wọ́n lè sáré. Wọ́n ń ṣubú lé ara wọn, wọ́n sì ń bẹ ara wọn pé kí wọ́n má bínú.

Láìsì lu itan rẹ̀. "Ìlú yẹn! Ìlú yẹn ni àwọn tó kọ àṣẹ sínú ọkọ̀ yẹn ti wá, mo búra!"

Ọdẹ́jìnmí kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, àwọn ènìyàn sì tún fa àga wọn súnmọ́ ọn.

Ní àárín gbùngbùn igbó ni ilé Amọ̀wọ̀n wà. Ìyá arúgbó ni Amọ̀wọ̀n nínú àwọn iwin. Ojú rẹ̀ dúdú, ó sì tẹ́ bí síléètì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, òǹkà sì ń kọjá lójú rẹ̀ bí ó ti ń ronú. Kọ̀ǹpútà tí ó wà níwájú rẹ̀ ga bí ilẹ̀kùn ààfin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó na wáyà tín-ín-rín sí ní ìbú àti ní òró, tí gbogbo àgbàlá rí bí àwọ̀n.

"Jókòó, ọmọ ọdẹ. Kí ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ?"

"Ìyá, ó ń kú lórí òkè. Ọmọ mi ni mo fẹ́ fi gbé kọjá. Ìrọbí kò ní dúró dè mí."

"Ṣí ọpọlọ náà. Jẹ́ kí ìrìn rẹ̀ jáde."

Ọdẹ́jìnmí ṣí i. Ìrìn kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ náà ti rìn fò jáde bí ẹyẹ, wọ́n ń bà lé orí wáyà. Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan bà síbi tí ìwọ̀n epo rẹ̀ àti ìwọ̀n èémí rẹ̀ gbé e sí. Ohùn kálukú ni ohùn ẹ́ńjìnnì ní ọjọ́ tirẹ̀. Èyí ni ti ọjọ́ ọjà. Èyí ni ti ọjọ́ tí Ìbídùnní kó àwọn ọmọ akọrin lọ sí àpéjọ ìjọ, ẹyẹ náà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹrù. Inú Ọdẹ́jìnmí dùn, ojú rẹ̀ sì kún.

Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ẹyẹ kékeré kan yọ orí, tí ìyẹ́ rẹ̀ tutù, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọdẹ́jìnmí mọ ohùn yẹn. Kí ó tó fò, ọwọ́ ọdẹ ti bà á. Ó jù ú sínú àpò, ó di ẹnu àpò náà, ó sì wo ibòmíràn.

Ẹ̀yin ará, àṣà àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa ni. Ẹran tí a gbé wálé ni à ń ròyìn. Igi tí ìbọn bá ti tàsé ẹran lábẹ́ rẹ̀, a kì í dárúkọ igi náà mọ́. Bí àwọn ọdẹ bá sì pé jọ, ẹnikẹ́ni kì í bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè. Ọ̀wọ̀ ni. Ọdẹ́jìnmí sì ti fi ọ̀wọ̀ yìí bo ọjọ́ náà mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti fi ẹní bo ọkọ̀.

Amọ̀wọ̀n wo àwọn ẹyẹ lórí wáyà. Ó fi ìka gígùn tọ ẹ̀yìn wọn bí ẹni tọ ipa ẹran, ó ń rí ibi tí wọ́n pọ̀ sí àti ibi tí wọ́n ti fọ́n. Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àṣẹ: bí ọ̀nà bá rí báyìí, kí epo rí báyìí, bí ooru bá gòkè, kí iná ṣẹ́ ní báyìí. Ó mọ òkè kékeré kan sí àgbàlá, ó ní kí ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà gùn ún. Ní agbedeméjì, ẹ́ńjìnnì náà kú. Ó tún àṣẹ kọ. Ó tún kú. Ó dín èyí, ó fi kún tọ̀hún. Níbi kan náà ni ó ń kú sí.

"Ọmọ ọdẹ," ni Amọ̀wọ̀n wí láìbínú, "àwọn ẹyẹ yìí mọ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó ti dé agbedeméjì òkè. Wo bí wáyà ibẹ̀ ti ṣófo. Ọkọ̀ rẹ kò gun òkè rí ni?"

"Kò gùn ún rí, ìyá."

"Báwo lo wá ṣe mọ̀ pé orí òkè ló ń kú sí?"

Ẹyẹ inú àpò rẹ̀ ń lu ìbàdí rẹ̀.

"Mi ò lè kọ àṣẹ fún ohun tí mi ò rí," ni arúgbó náà wí. "Ìrìn tó dára kò lè kọ́ mi ní ohun tí èyí tó burú mọ̀. Bí o bá mú un dání, mú un wá. Bí o kò bá mú un wá, máa lọ bá ọmọ rẹ, kí o fi ọwọ́ rẹ tì í gun òkè."

"Ìyá, ìyàwó mi wà nínú ìrìn yẹn."

"Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí o ti di àpò rẹ."

"Bí mo bá fún yín, ṣé n ó rí i gbà padà?"

"Rárá. Yóò yọ́ sínú àṣẹ. Ọkọ̀ yóò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ẹyẹ mọ́."

Ọdẹ́jìnmí sọ fún wa pé òun dúró pẹ́ níbẹ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí ó kù nínú ayé tí ó bá òun wà nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ náà ni ẹyẹ yẹn. Lẹ́yìn náà ó rántí ojú Àrínọlá. Ó tú àpò.

Ẹyẹ náà kò fò. Ó rìn lọ sórí wáyà tó ṣófo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ọdẹ́jìnmí gbọ́ gbogbo rẹ̀: ẹsẹ̀ tirẹ̀ tí ó tẹ irin tí ń fa epo mọ́lẹ̀, ooru tí ń gòkè, epo tí ń ya wọlé bí ẹni pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wà, èémí ẹ́ńjìnnì tí ń há. Ó ń rì. Ó ń rì. Ní òjijì, ohùn ẹyẹ náà dùn. Ó mọ́, ó sì gun òkè náà bí ẹni ń gun àkàsọ̀, fún ìṣẹ́jú bíńtín. Lẹ́yìn náà ó tún há, ó sì dákẹ́.

Amọ̀wọ̀n dìde dúró. "Níbẹ̀ yẹn! Epo dín kù níbẹ̀, iná sì rí ààyè mí. Ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí irin fún ìgbà díẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ọdẹ́jìnmí fi ọwọ́ bo ojú. Ó ti gbàgbé, tàbí kí a sọ pé kò jẹ́ kí ara rẹ̀ rántí.

"Ó fẹ́ sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, mi ò gbọ́. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè kí n lè gbọ́ ohun tó ń wí."

"Kí ló wí?"

"Ó ní, 'Bàbá Àrínọlá, ẹ wo bí gbogbo ìlú wa ti lẹ́wà láti òkè yìí.' Mo ní kí ó sinmi, kí ó má sọ̀rọ̀. Mo sì tún tẹ irin mọ́lẹ̀."

Òǹkà dúró jẹ́ẹ́ lójú Amọ̀wọ̀n. "Ìwọ̀n tí a ń wá nìyẹn," ni ó wí. "Ìwọ̀n ìgbà tí o fetí sí i."

"Báwo ni epo tó pọ̀ jù náà ṣe pọ̀ tó, ìyá?"

"Má bi mí."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Kò tó èyí tí yóò rin àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun."

Amọ̀wọ̀n kọ ọ́ sínú àṣẹ. Bí ó ti ń kọ ni ẹyẹ náà ń ṣá, láti ìrù dé orí, títí tí ó fi di ìlà kan lára kọ̀ǹpútà. Ẹ́ńjìnnì àgbàlá gun òkè, ó sì kọjá.

Ọdẹ́jìnmí kò sọ bí ó ṣe padà. Ó ní igbó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n òun kò gbọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Láìsì dá ọpọlọ ọkọ̀ padà sí àyè rẹ̀, wọ́n gbé Àrínọlá jókòó síwájú, wọ́n sì dojú kọ òkè. Bàbá wa ọkọ̀ náà súnmọ́ agbedeméjì. Ẹ́ńjìnnì dín epo fúnra rẹ̀. Ó mí. Ó kọjá ibẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó mọ́, bí ẹni pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi kan.

"Bàbá, kí lẹ ń sunkún fún?" ni Àrínọlá bi í. "Kò mà kú. A ti kọjá o!"

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Máa sọ̀rọ̀. Sọ ohunkóhun tó bá wù ọ́."

Àrínọlá sì sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé: nípa ata tó wọ́n, nípa ọkọ rẹ̀ tí kì í ká aṣọ. Wọ́n fi abẹ gba ọmọ náà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, obìnrin ni, ìyá àti ọmọ sì yè. Àwọn àna ní Yétúndé ni kí á sọ ọ́, pé ìyá ti padà. Ọdẹ́jìnmí kọ̀. Ó ní, "Ìbídùnní kò padà. Ọmọ mìíràn ni èyí. Ẹ jẹ́ kí ó wá sí ayé tirẹ̀." Ìtùnnú ni wọ́n sọ ọ́.

Ọdẹ́jìnmí fi ọwọ́ nu ètè.

"Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé ni mo sọ, n kò sọ kọjá ibẹ̀," ni ó wí. "Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé. Ẹni tí ó bá ní ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀ nílé, kí ó lọ bá a jókòó kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láìsì ni kò dìde. Ó wá ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ní ẹnu rẹ̀, kò rí.

"Bàbá," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ tún dúró níbẹ̀, nígbà tí ẹ ń bọ̀?"

"Mo dúró. Mo paná ọkọ̀, mo sọ̀kalẹ̀. Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀. Ìlú wa lẹ́wà láti ibẹ̀, bí ó ti wí." Arúgbó náà yíjú sí apá òkè. "Láìsì, òkè náà kò tilẹ̀ ga."